Òwú Dúdú Oníkókó Méjì

Ejò ni àbúrò mi ń sìn. Kì í ṣe àgùntàn, kì í ṣe adìẹ, ejò ni. Bí mo bá sọ ọ́ láàárín àwọn obìnrin tí a jọ ń tajà ní Ouando, wọ́n á fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n á ní, "Ìyá Karim, ẹ pè é ní okùn ilẹ̀, ẹ má dárúkọ ẹ̀." Kí ni n ó pè é ní okùn fún? Òwú ni mo ń tà. Mo mọ okùn, mo sì mọ ejò. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́, ẹnu mi ò sì tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí, torí èmi ni mo bà á jẹ́.

Mouktar ni orúkọ àbúrò mi. Ìyá kan, bàbá kan. Bí wọ́n ṣe já mi lẹ́nu ọmú ni wọ́n lóyún rẹ̀. Iṣẹ́ aránṣọ ló kọ́ ní Attakè, ó sì mọ̀ ọ́n dójú àmì. Bó bá rán agbádá fún yín, ẹ lè yí inú rẹ̀ síta kí ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Onísùúrù ni, ọmọ tí kò lè pariwo lé adìẹ. Gbogbo ariwo tó yẹ kí Ọlọ́run pín fún àwa méjèèjì, èmi nìkan ló kó o fún.

Àpò ló gbé e dé ìdí ejò. Ọkùnrin Àwórì kan wà ní Sèmè tí wọ́n ń pè ní Òkunọlá. Erè kékeré, èyí tí ń ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, ni ọkùnrin náà ń kó ránṣẹ́ sílùú òyìnbó. Wọ́n ń sìn ín nínú ilé lọ́hùn-ún bí a ṣe ń sin ológbò. Ẹ má bi mí léèrè ìdí, èmi kọ́ ni mo bí wọn. Inú àpò aṣọ ni wọ́n ń kó àwọn ejò náà sí kí wọ́n tó gbé wọn wọ ọkọ̀ òfurufú, àpò náà ò sì gbọdọ̀ ní ihò tó tó orí ọmọ ìka. Mouktar ló ń rán an. Ó ń rán àpò, ó ń wo ejò. Nígbà tó yá, ó ń lọ sí Sèmè lọ́jọ́ tí kò tilẹ̀ sí àpò láti rán.

Lọ́dún kan, bí Iléyá ṣe ku ọjọ́ díẹ̀, Òkunọlá fún un ní méjì tí àwọn òyìnbó kọ̀. Àwọn èèyàn ń fa àgbò wọlé, àbúrò tèmi ń gbé ejò bọ̀. Èyí akọ jẹ́ àfín, ara rẹ̀ funfun, ó ní àwọ̀ ìyeyè lára, ojú rẹ̀ pupa. Ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ wọ́. Èyí abo dúdú, ó sì ní àwọ̀ ewé gbígbẹ bíi ti erè oko, àmọ́ ibì kan funfun báláú níhìn-ín, ibì kan funfun báláú lọ́hùn-ún, bí aṣọ tí wọ́n lẹ àbùlẹ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ òsì ti fọ́. Mo ní, "Mouktar, o ò rí nǹkan mìíràn gbà?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì mọ ohun tó wà nínú àwọn méjèèjì."

Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú. Ó ní bí òun bá pa àfín àti alábùlẹ̀ yìí pọ̀, àwọn ọmọ wọn ò ní jọ bàbá, wọn ò ní jọ ìyá. Erè oko lásán ni wọ́n máa dà lójú ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ méjèèjì á fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí àwọn ọmọ náà bá dàgbà, tí akọ wọn gun abo wọn, nínú ọmọ mẹ́rìndínlógún ọ̀kan lè jẹ́ àfín kó sì tún jẹ́ alábùlẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ á funfun, àbùlẹ̀ aláwọ̀ wúrà á sì wà lára rẹ̀. Mo ní, "Tẹ̀gbọ́n tàbúrò á máa gun ara wọn? Àstàgàfúrúlà!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ejò ò lọ ilé kéwú. Ó tún ní, "Ẹ̀yin náà ẹ ti rí tọkọtaya tó dúdú tí wọ́n bí àfín. Níbo lẹ rò pé ó ti wá?"

Mo mọ ohun tó ń fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bàbá wa ń ríran dáadáa títí ó fi lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ó sì kú ní afọ́jú. Àbúrò rẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìyá wa máa ń ní kí n gbàdúrà kí ó má kan ọ̀kankan nínú wa. Mo gbàdúrà. Mi ò mọ̀ bóyá tara mi ni mo gbà jù.

Ọdún kẹta lẹ́yìn náà ni Mouktar bẹ̀rẹ̀ sí í na abẹ́rẹ́ sí mi, ó ní, "Ẹ bá mi fi òwú sí i." Mo bá a fi sí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, mo bú sẹ́kún ní ẹ̀ẹ̀kẹta. A lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Kútọnu. Ó ní omi inú ojú rẹ̀ ló ga, ó ń tẹ iṣan pa. Èyí tó ti kú kò ní jí mọ́, kí ó máa kán oògùn sí i kí èyí tó kù lè pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí a wọ tàksí padà sí Àjàṣẹ́, Mouktar ń wo òkun láti ojú fèrèsé títí a fi kọjá Sèmè. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí bàbá wa gbé pamọ́ sínú mi ti jáde. Kí èmi náà rí èyí tí mo gbé pamọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyẹn nìkan ni mò ń bẹ Ọlọ́run."

Ohun tó fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Kò fẹ́ tà á. Òkunọlá ti sọ fún un pé irú rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, pé àwọn òyìnbó ti ṣe é tipẹ́. Mouktar ní òun ò bá wọn dù ú, òun kàn fẹ́ rí ti òun. Ọkùnrin tó ti ń fi ojú rẹ̀ rán aṣọ ẹlòmíràn láti kékeré, tí kò ní ọmọ, tí ìyàwó rẹ̀ Zouleyhath sì ti kẹ́rù lọ nígbà tí ike ejò dé yàrá ibùsùn. Ta ni máa ní kó má fẹ́ ẹ?

Nígbà tí kò lè ránṣọ mọ́, ejò náà ló ń bọ́ ọ. Ọmọ ẹ̀yà Gun kan ní Avrankou, Fiacre, máa ń wa àwọn abo erè tó lóyún láti inú ihò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á kó wọn wá fún Mouktar. Wọ́n á yé sílé wa, Mouktar á pa ẹyin náà nínú àpótí tó ń fi gílóòbù mú gbóná, àwọn ọmọ á lọ sọ́dọ̀ Òkunọlá. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá, ìyẹn ò lọ síbì kankan. Àwọn àgbà ilé Fiacre ò gbà. Dàngbé ni wọ́n ń pe erè, wọn kì í pa á, bí wọ́n bá sì rí òkú rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n á dì í láṣọ funfun, wọ́n á sin ín bí èèyàn. Wọ́n ní ẹ lè gba ọmọ, ẹ gbọ́dọ̀ dá ìyá padà sẹ́nu ihò tí ẹ ti mú un kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ. Bí ẹ ò bá ṣe é, ẹ ò ní gbẹ́ ilẹ̀ wọn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ike onídèérí ni ejò kọ̀ọ̀kan ń gbé, Mouktar sì ń fi òwú dá wọn mọ̀. Lọ́dọ̀ mi ló ti ń mú òwú. Funfun ni ti àfín, pupa ni ti alábùlẹ̀. Àwọn tí a máa dá padà sí Avrankou, òwú dúdú ni, kókó kan. Àwọn tó gbé àwọ̀ méjèèjì sínú ẹ̀jẹ̀, òwú aláwọ̀ ewéko ni, kókó méjì. Kókó yẹn, kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ló fi kún un, kí ìka rẹ̀ lè kà á. Èmi ò ka kókó rí. Ojú mi ríran, àwọ̀ ni mò ń kà.

Àfín gun alábùlẹ̀, ó yé, mẹ́ta péré ló yè: akọ kan, abo méjì. Lóòótọ́ ni, erè oko lásán ni wọ́n jọ. Mouktar sọ àwọn abo náà ní orúkọ aṣọ. Ó pe ẹ̀gbọ́n ní Àdìrẹ, ó pe àbúrò ní Léèsì. Ó tó ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó tóbi tó ẹni tí ń yé. Ọdún mẹ́rin! Mo ń bá a fọ ike, mo ń bá a pa eku, èmi tí mo máa ń sá fún aláǹgbá. Lójoojúmọ́ ni ibi tí ojú rẹ̀ ń kó ń dín kù, títí ó fi ń wo ayé bí ẹni ń yọjú láti ihò abẹ́rẹ́.

Àdìrẹ ló kọ́kọ́ yé, ẹyin márùn-ún. Àfín méjì, alábùlẹ̀ kan, erè lásán méjì. Mouktar gbé wọn sún mọ́ ojú, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka lẹ́tà. Ó ní, "Ó ku Léèsì." Dókítà sì ti sọ fún mi níkọ̀kọ̀ pé bóyá lojú náà máa lo ọdún mìíràn.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, Léèsì lóyún. Ikùn rẹ̀ wú, ó ń sùn mọ́ abọ́ omi tútù, Mouktar ń fọwọ́ ka ẹyin inú rẹ̀ láti ìta. Mẹ́jọ, ó ní. "Kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan mọ́, Ẹ̀gbọ́n mi, yóò yé. Bó bá di oṣù karùn-ún, wọ́n á pa." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin. Ó ń tún òwú àwọn ike so, torí èyí tó wà níbẹ̀ ti gbó. Mo gbé àpò òwú fún un, mo padà sọ́jà. Mi ò jókòó tì í, ṣé ẹ gbọ́? Mi ò jókòó tì í, torí mo ní oníbàárà. Kò sì sọ fún mi pé òun ò mọ ewéko yàtọ̀ sí dúdú mọ́. Ó ń pa á mọ́ fún mi kí n má baà sunkún.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, Mouktar lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Kútọnu, ọmọ mi Karim ló mú un lọ. Fiacre dé lórí ọ̀kadà rẹ̀. Ó ní òjò ti ṣú, àwọn àgbà ti ń béèrè, àfi ká dá àwọn ìyá padà lónìí. Mo bínú. Mo ní ṣé ọjọ́ tí onílé ò sí ni wọ́n rí? Ó ní, "Ìyá Karim, ẹ má bínú sí mi, ọ̀run ló ń ṣú." Mo wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ike tó ní òwú dúdú. Mo kà á, ó jẹ́ méje. Mouktar ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé mẹ́fà ni. Mo ní lọ́kàn ara mi pé afọ́jú ò lè ka nǹkan dáadáa. Ọlọ́run gbọ́ mi bí mo ṣe sọ ọ́.

A kó àwọn ejò náà sínú àpò, a gun ọ̀kadà. Ní Avrankou, Fiacre ń bu omi sẹ́nu ihò kọ̀ọ̀kan, ó ń dúpẹ́ ní èdè wọn, èmi ń tú àpò. Mẹ́fà wọlẹ̀ wẹ́rẹ́. Èyí keje ò fẹ́ lọ. Ó wúwo, ó ká ara rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ mi. Mo ní, "Wọlẹ̀ jàre, ilé ẹ nìyí." Mo fi igi tì í. Òwú tó wà lára ike rẹ̀ ni mo fi di ẹnu àpò rẹ̀, ó sì wà lọ́wọ́ mi nígbà náà. Dúdú ni. Kókó méjì ló ní. Mo rí kókó méjèèjì. Mo rí wọn, mo ju òwú náà sínú koríko, torí òjò ti ń kán.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo mọ̀. Mo fẹ́ fún wọn lómi, mo wá òwú ewéko mẹ́ta, méjì ni mo rí, ti akọ àti ti Àdìrẹ. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ike yẹn, mo ní, "Yéè! Sakinath, o ti pa ọmọ ìyá ẹ."

Mouktar sùn sílé Karim ní Kútọnu lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti wà ní Avrankou. Èmi àti Fiacre gbẹ́ ilẹ̀ títí ọ̀sán. Òjò ti pa ojú ihò rẹ́. A rí méjì, ejò oko ni wọ́n, kò sí Léèsì. Fiacre ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ fún Fofó" (bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gun ń pe ẹ̀gbọ́n, Mouktar ló ń wí), "kí àwọn awalẹ̀ yòókù wá bá wa wá a." Mo ní rárá. Mo ní bó bá gbọ́, yóò kú. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí. Ẹ̀gbọ́n ni mí, èmi ni mo ń bá gbogbo ayé wí. Abo kan tó lóyún wà ní ilé Fiacre, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Mo gbà á, mo gbé e sínú ike Léèsì, mo so òwú ewéko mọ́ ọn, kókó méjì.

Nígbà tí Mouktar dé, ó ki ọwọ́ bọ inú ike náà. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ó ti rù díẹ̀." Mo ní, "Oyún ni." Ó ní, "Ẹ̀n." Ó dé ike náà.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́; èmi gbé tèmi lọ́wọ́, mi ò jẹ́ kó balẹ̀. Ejò tí mo fi rọ́pò ò tètè yé. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún kó tó yé. Mouktar ò béèrè nǹkankan. Ní oṣù karùn-ún tó ti ń retí, ẹyin náà ṣì wà nínú àpótí, ihò abẹ́rẹ́ tí àbúrò mi ń yọjú láti inú rẹ̀ sì ti ń pa dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó lórí ẹní, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni?" Oòrùn ti là. Oòrùn wà lójú rẹ̀ gan-an.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ẹyin pa. Mẹ́fà ló jáde, erè oko ni gbogbo wọn, bí mo ṣe mọ̀ pé wọ́n máa rí. Mouktar jókòó tì mí, ó na ọwọ́, ojú rẹ̀ tí kò ríran kọjú sí mi. Ó ní, "Ó wà níbẹ̀?" Ẹ gbọ́, mo fẹ́ sọ pé kò sí. Kò burú bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́rìndínlógún ni, ó ti mọ̀ pé ó lè má sí. Ṣùgbọ́n mo wo ojú yẹn. Ẹnu mi ló sọ̀rọ̀, èmi kọ́. Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, Mouktar! Funfun báláú! Wúrà wà lára ẹ̀!" Mo mú ọ̀kan tó dúdú bí ilẹ̀ nínú wọn, mo gbé e lé e lọ́wọ́.

Ó gbá a mọ́ àyà. Kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbùlẹ̀ mélòó?" Mo ní mẹ́ta. Ó ní, "Níbo ni wọ́n wà?" Mo ní ọ̀kan lórí, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan nítòsí ìrù. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí bẹ́ẹ̀, mo sì ń dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kan tí orí ń fọ́ mi, mo ní mẹ́rin. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lára ejò náà. Mo ní, "Mẹ́ta, mẹ́ta ni mo ní lọ́kàn." Ó ní, "Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi ò tó oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ Àlàmísì ni, lẹ́yìn ìrun àsárì. Mouktar wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú àgbàlá, ejò yẹn ká sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Fiacre wọlé, ó ṣí fìlà. Mo rí ojú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú sí i, mo ń juwọ́ sí i pé kó padà. Mò ń ṣe gbogbo rẹ̀ níwájú afọ́jú tó jẹ́ ọmọ ìyá mi. Fiacre gbójú kúrò lára mi.

Ó ní, "Fofó Mouktar, mo wá túfọ̀ fún yín. Dàngbé kan kú lóko wa. Ọkọ́ ló bá a níbi tí wọ́n ti ń kọ ebè. Ọmọdé ni, ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, àwọ̀ wúrà wà lára ẹ̀. A ò rí irú ẹ̀ rí. Wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í, ṣùgbọ́n bàbá mi ní a ò lè sin nǹkan ẹni láìsọ fún un. Ó ní ọ̀dọ̀ yín nìyá ẹ̀ ti wá, nínú àwọn méje tí a dá padà."

Mouktar ní, "Méje?"

Fiacre ní, "Méje ni. Ìyá Karim mọ̀ ọ́n. Èmi àti wọn la jọ wá a títí."

"Mẹ́fà ni mo ní," ni àbúrò mi wí. Kò pariwo. Ó gbé ejò tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ lórí ẹní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni gbé nǹkan aládùúgbò tí ó yá padà. Mo kúnlẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi nínú iyanrìn. Mo ní, "Mouktar, òwú náà dúdú. Dúdú lo so mọ́ ọn."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé kì í ṣe Léèsì. Ojú mi ló fọ́, ọwọ́ mi ò fọ́. Léèsì ní àpá lábẹ́ ọrùn, níbi tí eku ti gé e jẹ. Èyí tí ẹ gbé síbẹ̀ ò ní."

"O mọ̀, o ò sọ?"

"Mo rò pé ó kú lọ́wọ́ yín ni. Mo ní ẹ ó sọ ọ́ fúnra yín tó bá yá. Nígbà tí ẹ ní ó funfun, mo mọ̀ pé àánú ni, mo gba àánú yín." Ó fọwọ́ tẹ́ ẹní dáadáa. "Mi ò mọ̀ pé ó wà láàyè. Ẹyin ò lẹ́sẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ bá sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo dé yẹn, gbogbo awalẹ̀ Avrankou ni n bá kó sóko náà. À bá wú u. Oṣù karùn-ún ló máa pa. Mo ṣì ń ríran díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún."

Mo ń sunkún, ó ń gbọ́ mi, kò na ọwọ́ sí mi. Ó kọjú sí ibi tí ohùn Fiacre ti wá. Ó ní, "Fiacre, jókòó. Ìwọ lo rí i. Sọ bó ṣe rí fún mi." Fiacre jókòó. Ó ní ojú rẹ̀ pupa. Ó ní kò gùn ju apá lọ. "Àbùlẹ̀ mélòó?" Méjì ni, Fiacre wí, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ látorí dé ọrùn bí fìlà, èkejì súnmọ́ ìrù, ó gùn tó ìka yìí. Mouktar ní kó fi ìka náà hàn án. Fiacre fi ìka rẹ̀ sí i lọ́wọ́, Mouktar sì wọ̀n ọ́n láti orí dé ìdí, bó ṣe máa ń wọn aṣọ tẹ́lẹ̀.

Ó bá Fiacre lọ síbi ìsìnkú náà lórí ọ̀kadà. Kò ní kí n bọ̀. Nígbà tó dé, ó ní kí Òkunọlá wá kó gbogbo ejò tó kù, Òkunọlá sì wá kó wọn.

A ṣì jọ ń gbé. Mò ń sè, ó ń jẹ. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń béèrè bí ọjà ṣe rí, ó ń ṣe "Ẹ̀gbọ́n mi" fún mi bí ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ wọṣọ lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, á dúró sẹ́nu géètì pẹ̀lú bùbá lọ́wọ́, á máa retí ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọjá. Èmi á wà nínú ilé, kò ní ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ sí i. Á gbé aṣọ náà sókè fún ẹni yòówù tó bá gbúròó rẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ wo nìyí?"